Ìwé Gbèsè Metro Basiuk

Oṣù kejì ọdún ni mo dé Yorkton,
òtútù ń bu ènìyàn létí jẹ bí ajá tí ebi ń pa.
Metro Basiuk wo bàtà ẹsẹ̀ mi,
kò wo ìwé ẹ̀rí tí mo nà sí i.
Ó ní, "Ṣé o lè gbé táyà?"
Mo ní mo lè gbé e.
Irọ́ ni. Ó mọ̀ pé irọ́ ni,
ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ fún mi.

Ní ilé wa, fọkanáísà ni à bá máa pè é.
Níbẹ̀, ọ̀gá oníṣòwò ni:
táyà ọkọ̀, táyà katakata,
táyà ẹ̀rọ ìkórè tó ga bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.
Àgbẹ̀ tí kò bá rówó, á ní, "Gbé e lọ,
wíìtì ò ní pẹ́ gbó."
Á wá ṣí ìwé gbèsè rẹ̀ elépo dúdú,
á fi pẹ́ńsù kọ ọ́.
Mo bi í pé bírò ńkọ́?
Ó ní, "Yìnyín lè bọ́ lu oko ẹni lóru.
Gbèsè tí a fi bírò kọ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Àwọn mẹ́ta ló wá bá a, wọ́n jókòó lórí táyà,
wọ́n ní kó lọ dupò ní Ottawa.
Olha ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú:
"Ìwọ tí o kì í rí ọ̀rọ̀ sọ níbi ìsìnkú!"
Ṣùgbọ́n ojúlé dé ojúlé ló rìn.
Kò mọ orúkọ gbogbo wọn,
táyà wọn ló mọ̀.
Èmi ò tíì lè dìbò nígbà náà,
èmi ni mo wa àwọn arúgbó lọ síbùdó.
Igba ìbò ó lé méjìlá ló fi wọlé.

Aṣojú ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà.
Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ náà bí mo bá ń fún táyà láfẹ́fẹ́:
ẹni tó di ojú wa,
ta ni yóò bá wa rí i?

Ó ń pè mí nírọ̀lẹ́.
Ṣé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ṣì ń ké? Ó ṣì ń ké.
Ó ní níbẹ̀, àga ni wọ́n ń tẹríba fún.
Oṣù mẹ́jọ kó tó sọ̀rọ̀,
ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, lórí ojú irin wa.
A ti ṣọ́ọ̀bù, a wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n.
Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lójú mi.

Ọdún kẹta, wọ́n gbé òfin wá
pé kí wọ́n hú ojú irin kan náà.
Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹni tó bá fara mọ́ ọn kó dìde.
A rí i.
Ó dìde.

Hnat Procyk ló kọ́kọ́ wá.
Ó ka owó sórí káńtà, olówó tútù,
gbèsè ọdún yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò bi í.
"Pa orúkọ mi rẹ́."
Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn.
Èmi ni mo di rọ́bà mú, tí mo ń pa wọ́n rẹ́,
èérún rọ́bà kún àyà mi.
N kò rí èébú tó tó bẹ́ẹ̀ rí:
kí gbogbo ìlú san gbèsè lọ́jọ́ kan.

Ìbò tó tẹ̀ lé e gbé e padà wálé.
Ó ṣí ìwé náà, ó rí ojú ewé funfun,
ó fi àtàǹpàkò ra ibi tí orúkọ wà rí.
Mo bi í pé kí ló dé tó fi dìde.
Ó pẹ́.
Ó ní, "Bírò ni wọ́n ń lò níbẹ̀."
N kò mọ̀ bóyá ìdáhùn nìyẹn.

Ọjọ́ tí ìrì dídì kọ́kọ́ bọ́ lọ́dún náà,
ọkọ̀ Procyk dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Kò sọ̀ kalẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.
Táyà iwájú lápá òsì ti jẹ dé wáyà.
Mo gbé jáàkì, Metro gbà á lọ́wọ́ mi.
Ó kúnlẹ̀ sínú omi yìnyín,
pẹ́ńsù wà létí rẹ̀.